Ẹsẹ̀ Màámi ò wọ bàtà Ojúde Ọba mọ́

Màámi Òkè-Ajé fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ àwọn, kí n má sì dárúkọ ọsibítù kankan, àmọ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí nínú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà, ó tó mẹ́rin tó ní ṣúgà tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé àgbà ló dé, kò sẹ́ni tó ń ronú kan ọkàn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, ọmọ ọdún 64, gààrí ni wọ́n ń tà ní Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Èmi nọ́ọ̀sì ni mí, Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ilé tí kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ṣúgà ti wà lára Màámi fún ọdún 11, ẹ̀jẹ̀ ríru fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Metformin àti Daonil fún ṣúgà, amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ni oògùn tí mo mọ̀ mọ́ wọn, wọn kì í sì í fi í ṣeré, wọ́n á ti lò ó kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn la tó mọ̀. Ìparí ọdún 2023 ni orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ alágààrí, bẹ̀rẹ̀ wọn kóńgò, dìde, ti àpò, jókòó, tún bẹ̀rẹ̀, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnì kan wá júwe kẹ́mísì kan fún wọn tó máa ń pa oògùn pọ̀ fún ara ríro, hóró mẹ́rin nínú ọ̀rá pẹ́ńpẹ́, kò sórúkọ lára ẹ̀, ọ̀rá kan láàárọ̀ ọ̀rá kan lálẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìrora yẹn lọ bí ẹni fọwọ́ mú un kúrò. Ta ni irú ẹ̀ á ṣẹlẹ̀ sí tí ò ní padà lọ ra òmíì? Láti oṣù kìíní 2024 ni wọ́n ti ń lò ó, wọn ò sọ fún mi, wọn ò sọ fún dókítà, torí lójú tiwọn, oògùn orúnkún ò kan oògùn ṣúgà.

Ó kàn án gan-an. Diclofenac, oògùn ìrora, wà nínú ọ̀rá yẹn, prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, náà wà níbẹ̀, fámásíìsì kan ló bá wa wo àmì tó wà lára hóró kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Prednisolone máa ń lé ṣúgà sókè, kò sí bí olúwarẹ̀ ṣe lè yẹra fún oúnjẹ tó. Diclofenac ní tiẹ̀, ṣe ló ń mú kí kíndìnrín há iyọ̀ àti omi mọ́wọ́ tí kò jẹ́ kó jáde. Ìyẹn ni pé oògùn orúnkún ń ba ṣúgà jẹ́ lápá kan, ó ń kó omi jọ sára lápá kejì, Màámi sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ara àwọn ti yá.

Nígbà tó di oṣù kẹta 2024 wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, ṣúgà àìjẹun àárọ̀ jẹ́ 236. Ní ibi tí wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ tún ń lò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú káàdì yìí, wọ́n kàn fi pioglitazone 30, oògùn ṣúgà míì, kún un. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ṣúgà ti wálẹ̀ sí 118. Màámi pè mí lórí fóònù, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà ń bá wọn dúpẹ́, mo ní Màámi ẹ ṣeun, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé o. Gbogbo wa la gbájú mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré yẹn bá ti sọ 118, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún wo ẹni tó ni ìka tí wọ́n gún.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà lọ́dún náà, Ojúde Ọba wá jẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún. Régbérégbé Màámi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti rán aṣọ, wọ́n ti ra bàtà tó bá a mu láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàtà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n gbé sínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ìyẹ̀wù wọn ni mo wà tí mò ń bá wọn we gèlè, ni wọ́n bá na ẹsẹ̀ sínú bàtà, kò wọlé. Wọ́n tún tì í. Mo kúnlẹ̀ kí n bá wọn fi wọ̀ ọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi ojúgun díẹ̀, nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ dúró bí kòtò tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀bà gbígbóná, kò dìde bọ̀rọ̀. Mo wò ó. Mo sọ pé, "Màámi, amlodipine ló ń fa èyí, ó máa ń wú èèyàn lẹ́sẹ̀." Irọ́ kọ́ ni mo pa, amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mi ò bi wọ́n pé ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn báyìí, mi ò bi wọ́n pé ṣé ẹ máa ń jí lóru torí èémí, mi ò gbé wọn gun òṣùwọ̀n. Sílípáàsì rọ́bà ni wọ́n fi jó níwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ ìró balẹ̀ kó lè bò ó.

Oṣù keje ló wá le. Ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Ikọ́ dé, òru nìkan ló ń yọjú. Oúnjẹ díẹ̀ báyìí, inú ti kún. Láti ilé dé títì tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ara wá ń tóbi, àwọn èèyàn ń sọ pé Màámi ń sanra, ọrọ̀ ajé ń sú wọn sára. Àwọn kan ní rárá, wọ́n tẹ nǹkan ni, pé ẹni tó bá ń tajà ní ìkóríta bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Wọ́n lọ gba hàntú, kétèlì kan láàárọ̀ kétèlì kan lálẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ ẹ̀, omi tó ń wọlé yẹn ló ń kó ìpayà bá mi nígbà tí mo gbọ́, torí ara tí kò rí omi tó wà ńlẹ̀ gbé jáde ni wọ́n tún ń rọ omi sí.

Aago méjì kọjá lóru ni àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wọn, pè mí. Mo ń gbọ́ Màámi lẹ́yìn ẹ̀, ìró èémí wọn ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi sítíróò fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ó ní wọ́n jókòó sẹ́nu fèrèsé láti aago mọ́kànlá, wọ́n ní àwọn ò lè sùn sílẹ̀, pé tí àwọn bá sùn sílẹ̀ bí ẹni ń rì sómi ni. Itọ́ wọn ń hó, ó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Gbọ́, má tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú mọ́tò o. Jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ wọn wálẹ̀, ṣí wíńdò, máa lọ." Kí n tó gba títì Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ ti ń mọ́.

Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn 84 nínú 100 nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, ìfúnpá 198 lórí 112. Wọ́n gbé wọn jókòó, wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú, wọ́n gún wọn ní furosemide, oògùn tó ń fa omi jáde, sínú iṣan, wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí i. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó sí àpò ìtọ̀ tó ń kún yẹn. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ti lé ní lítà méjì, Màámi sì ti lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé ta ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Heart failure ni dókítà pè é. Kì í ṣe pé ọkàn dá iṣẹ́ sílẹ̀ o, torí orúkọ yẹn máa ń já èèyàn láyà. Ọkàn ṣì ń lù, agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ ló ti dín kù, ó wá dà bí pọ́ńpù tí kò lè gbé omi dé orí tánkì mọ́, omi á máa padà sẹ́yìn, sínú ẹ̀dọ̀fóró, sínú ikùn, sí ẹsẹ̀. Wọ́n ya àyà wọn, ọkàn ti tóbi. Wọ́n ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, torí ẹni tí ṣúgà ti pẹ́ lára ẹ̀ lè ní ìkọlù ọkàn láìsí ìrora àyà kankan, iṣan tó yẹ kó gbé ìrora dé ọpọlọ ṣúgà ti bà á jẹ́, àmọ́ wọn ò rí èyí lára Màámi. Wọ́n wá ṣe echo, ìyẹn tí wọ́n ń fi nǹkan tútù pa àyà tí ọkàn á máa hàn lójú ẹ̀rọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ọkàn, tó bá fún lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ìdá 55 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ jáde. Ti Màámi jẹ́ 34.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń ba ọkàn àwọn èèyàn wa jẹ́, ṣúgà wá ń bá a tì í lẹ́yìn, ó ń mú iṣan ọkàn le gbagidi, ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín jẹ́. Kì í ṣòní, kì í ṣàná. Láti 1974 ni àwọn tó ń tọpa àwọn ará ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ ká mọ̀ pé ọkùnrin tó ní ṣúgà, ewu heart failure tiẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní i, obìnrin ìlọ́po márùn-ún. Márùn-ún! Síbẹ̀ tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn oníṣúgà jọ láti là wọ́n lọ́yẹ̀, ojú, ẹsẹ̀, kíndìnrín lẹ máa gbọ́, ẹ lè jókòó tí wọ́n á fi ṣe tán kẹ́ ẹ má gbọ́ ọkàn.

Ọjọ́ kejì ni dókítà kan, ọmọdébìnrin ni, kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wá sọ fún àbúrò mi pé kó lọ sílé kó kó gbogbo oògùn Màámi wá, gbogbo ẹ̀, títí kan àgbo. Ó kó ọ̀rá dúdú kan dé, ó sì dà á sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì bọ̀ lọ́jọ́ tó pẹ́, àmọ́ àpò oògùn ẹni ẹni yàtọ̀ sí ti aláìsàn. Metformin láti ibi méjì, orúkọ òde paali yàtọ̀, ohun kan náà ni. Daonil. Amlodipine. Pioglitazone, sáṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣófo méje, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ rọ́bà. Ọ̀rá orúnkún mọ́kànlá. Ìgò àgbo kan tó ti kan. Vitamin C. Dókítà náà ò pariwo mọ́ wọn, ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, "Màmá, èyí ńkọ́, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Bó ṣe ń bi wọ́n ló ń kọ oṣù sílẹ̀, nígbà tó kọ ọ́ tán ó yí ìwé náà sí mi. Oṣù kìíní, ọ̀rá orúnkún. Oṣù kẹta, ṣúgà gòkè. Oṣù kẹta kan náà, pioglitazone. Oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ wú. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Pioglitazone máa ń bá ṣúgà jà dáadáa, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́, àmọ́ ó máa ń mú kí ara di omi àti iyọ̀ mú. Láti 2007 ni àwọn tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sí i lára nítorí heart failure. Ọkàn tó ń tiro tẹ́lẹ̀ ni Màámi ní, kò tíì ṣubú, ni diclofenac gbé ẹrù kan lé e, prednisolone gbé kejì, pioglitazone wá gbé kẹta lé e.

Wọ́n dá pioglitazone àti diclofenac dúró lọ́jọ́ yẹn. Prednisolone, wọn ò já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara tó ti mọ́ ọn lára fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá gbà á lójijì, èèyàn lè dákú, ṣe ni wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Daonil náà lọ, amlodipine lọ kí àyè lè gba àwọn oògùn ọkàn. Ínsúlínì díẹ̀ ni wọ́n fi mú ṣúgà fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ara balẹ̀ tí kíndìnrín sì dáa, wọ́n dá metformin padà. Nígbà kan wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ní heart failure ò gbọdọ̀ lo metformin rárá, wọ́n ti yọ òfin yẹn kúrò ní Amẹ́ríkà láti 2006, tí ọkàn bá ti fara balẹ̀ tí kíndìnrín ò sì bàjẹ́ jù, kò séwu. Màámi wọn kílò 81 nígbà tí wọ́n wọlé, 73 ni wọ́n gbé lọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ìsanra tí wọ́n ń kí wọn kú oríire ẹ̀, omi ni.

Oògùn tí wọ́n gbé lọlé: furosemide, lisinopril kékeré tó ń dín ìfúnpá kù, carvedilol 3.125 tó ń mú kí ọkàn rọra lù, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí wọ́n á máa gbé sókè ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, spironolactone 25 tí òun náà ń fa omi jáde, àti dapagliflozin 10. Lísinopril mú ikọ́ gbígbẹ wá, tí Màámi ń rò pé omi ti padà dé, àmọ́ ikọ́ tọ̀sán-tòru ni, kò sì sí ìwú, ni wọ́n bá fi losartan, oògùn tí iṣẹ́ ẹ̀ jọ tiẹ̀, rọ́pò ẹ̀.

Dapagliflozin yẹn ni n óò sọ̀rọ̀ lé díẹ̀, torí òun ni gbogbo wàhálà tó kù dá lé. Oògùn ṣúgà ni wọ́n ṣe é fún. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdílé oògùn yìí, èèpo gbòǹgbò igi ápù ni, láti 1835 ni wọ́n ti yọ ohun inú ẹ̀ jáde ní Yúróòpù (mo sọ èyí fún Màámi, wọ́n ní ẹ rí i pé egbòogi náà ni). Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí kíndìnrín jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde, iyọ̀ àti omi á sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dán ẹgbẹ́ ẹ̀, empagliflozin, wò lára àwọn oníṣúgà tó lé ní 7,000 tó ti ní àìsàn ọkàn, èsì jáde lọ́dún 2015, gbígbé èèyàn dé ọsibítù nítorí heart failure fi ìdá 35 nínú 100 dín kù. Lọ́dún 2019 wọ́n wá dán dapagliflozin wò lára àwọn 4,744 tó ní heart failure, ó lé ní ìdajì wọn tí kò ní ṣúgà rárá, ó ṣì ṣiṣẹ́ fún wọn. Oògùn ṣúgà ti di oògùn ọkàn nìyẹn. Kì í ṣe ohun téèyàn ń dá rà o, dókítà kìlọ̀ fún wa pé tí Màámi bá ń bì tàbí tí wọn ò lè jẹun, kí wọ́n dá a dúró ká sì gbé wọn wá, torí ásíìdì lè kún inú ẹ̀jẹ̀ kí ṣúgà má sì ga.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n fa mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ojú ara ń yún àwọn, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ń ti àwọn láti sọ fún dókítà ọkùnrin. Ó wọ́pọ̀, ṣúgà tó ń bá ìtọ̀ kọjá ló ń fún àwọn kòkòrò tó ń fa yíyún yẹn lóúnjẹ. Ìpara clotrimazole àti fífi omi ṣan ara lẹ́yìn ìtọ̀, ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi àwọn ìyá yín, wọn ò ní fúnra wọn sọ ọ́.

Òṣùwọ̀n ni mo fi ẹ̀bùn ọdún ṣe fún wọn. Gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á gùn ún, tó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n pè mí. Ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè ọjà sí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Omi, lítà kan àtààbọ̀ lóòjọ́, wọ́n ya ike kan sọ́tọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá mu, títí kan omi tí wọ́n fi rẹ gààrí, wọ́n á bù ú kúrò nínú ẹ̀. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù, alágààrí tí kò lè mu gààrí ní àmuyó. Màgí dín kù nínú ìkọ́kọrẹ́, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ kúrò.

Ohun tí mi ò ronú kàn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo oníṣúgà nílẹ̀ wa ni wọ́n ń sọ fún pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dáa, Màámi ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún potassium, losartan àti spironolactone náà sì máa ń há potassium mọ́ ara, tó bá pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kejì tí wọ́n ti kúrò ní ọsibítù fi potassium 5.6 hàn, ó ti ga. Wọ́n gé spironolactone sí méjì, wọ́n dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí kì í bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò sí àmì kankan tí à bá fi mọ̀.

Oṣù kọkànlá ni èèrà dé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, kí ẹ̀rọ tó dé, èèrà ló ń sọ fún èèyàn pé ó ti ní ṣúgà. Ẹ̀yìnkùlé ni Màámi tọ̀ sí lóru kan tí iná ò sí, ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí èèrà tó bo ojú ibẹ̀ bàmù. Ọkàn wọn gbé sókè. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ nítòsí ọjà, wọ́n fi sítíríìpù sínú ìtọ̀ wọn, ó yí padà dé àwọ̀ tó kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìyá, ṣúgà yín ti kọjá bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ń lo oògùn ṣá?" Kò sẹ́ni tó gún wọn níka. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé oògùn wo lẹ ń lò. Màámi délé, wọ́n wá àwọn Daonil kan tó ṣẹ́ kù nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n lo méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ẹ̀rù sùn, wọn ò jẹun alẹ́ torí wọ́n fẹ́ kó wálẹ̀.

Kí n tó lọ síṣẹ́ láàárọ̀ ni àbúrò mi pè, ó ní Màámi ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, òógùn bò wọ́n yọ̀bọ̀, aṣọ ìbora rin gbindin. Mo ní ṣé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ó ní rárá. Ṣé àyà wọn ń já, ó ní kò jọ bẹ́ẹ̀. Carvedilol ló fà á, ó máa ń bo ọwọ́ gbígbọ̀n àti àyà jíjá mọ́lẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá já wálẹ̀, òógùn nìkan ló sábà máa ń ṣẹ́ kù láti kìlọ̀ fún èèyàn. Mo ní kó gún wọn níka. 46. Ó ń sunkún lórí fóònù, mo ní jẹ́ kí wọ́n jókòó, ṣé wọ́n lè gbé nǹkan mì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní fún wọn ní mínírà ìgò kan, kékeré kékeré, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún 79. Ó gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n dá wọn dúró títí di ọjọ́ kejì torí Daonil máa ń pẹ́ lára, ó lè tún fà á wálẹ̀.

Mo lọ jókòó tì wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Màámi, èèrà tẹ́ ẹ rí yẹn, oògùn tuntun ló ń lé ṣúgà jáde síta, inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló wà mọ́, ilẹ̀ ló wà." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ṣáájú pé èèrà máa wá?" Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ti ka gbogbo nǹkan nípa oògùn yẹn, èmi ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn níjọ́ àkọ́kọ́, mo sọ ti ojú ara yíyún, mo sọ ti omi tó lè gbẹ lára, mi ò rántí èèrà. Mo ti wá kọ ọ́ sí páálí oògùn náà báyìí pẹ̀lú báírò pé ìtọ̀ á máa fi ṣúgà hàn, ìka ni kẹ́ ẹ gún. Mo sì kó gbogbo Daonil tó kù nílé lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ Rámádáànì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2025, wọ́n fẹ́ gbà á, dókítà ní rárá, oògùn tó ń fa omi jáde àti ọjọ́ gbọọrọ láìmu omi ò bára wọn lọ. Fídíyà ni wọ́n san, gààrí àti ẹ̀wà ni wọ́n pín. Ó ká wọn lára, wọn ò sì fi bò.

Echo ẹ̀ẹ̀kejì, oṣù kejì ọdún yẹn, 34 ti di 45. Kò tíì pé, àmọ́ wọ́n ń rìn dé títì láìdúró. Ìrọ̀rí ti di ọ̀kan. Dapagliflozin tí wọ́n ṣe ní Íńdíà la ń rà torí owó, nínú oṣù kan tó ṣáájú a ò rí i rà fún ọjọ́ mẹ́fà, ìwọ̀n wọn gun kílò kan àtààbọ̀, àyà mi ò balẹ̀ àfi ìgbà tí a rí i. Orúnkún ṣì ń ro wọ́n, paracetamol àti ìpara ni wọ́n ń lò, wọ́n ti gba ọmọ kan tó ń bá wọn gbé àpò. Bàtà aláwọ̀ wúrà wà nínú páálí ẹ̀, wọn ò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò, mi ò sì bi wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n kọ èyí, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé gbèsè wọn. Wọn ò fo ọjọ́ kan. Ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí: Ìṣẹ́gun, 72. Ìyá ẹlẹ́wà, gààrí kóńgò 6, kò tíì san.